Bàbá Tó Dúdú Nílé Ìyálé, Tó Pupa Nílé Ìyàwó

Tòńgólò gàrí kan ní ọjà Sakété, ọ̀ọ́dúnrún fàráǹkì ni wọ́n pè é fún mi lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀. Tòńgólò yìí ni agolo ńlá tí wọ́n fi ń wọn gàrí àti àgbàdo. Mo ka ọ̀ọ́dúnrún náà bí ẹni ka náírà, mo rẹ́rìn-ín sínú, mo ní àwọn ará ibí yìí ò mọ ọjà á tà. Mo ra márùn-ún. Ìgbà tí mo délé, tí mo rántí iye náírà tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi ní bọ́dà kí wọ́n tó fún mi ní fàráǹkì táṣẹ́rẹ́, ni ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi.

Mo fura lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ní ahọ́n mi ló tú mi fó, wọ́n gbọ́ pé ará òdìkejì ni mí, wọ́n bá gbówó lé e. Lọ́jọ́ kejì mo rán ọlọ́kadà kan, zẹ́mì ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, pé kó bá mi ra tòńgólò kan. Ọ̀ọ́dúnrún náà ni wọ́n tà á fún un. Mo wá fura sí ọlọ́kadà.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ ayé lókè òkun nìyẹn. Òkè òkun ni màmá mi ń pè é. Ìlaròó ni mo ti wá, lẹ́yìn tí ọkọ mi kú tí àwọn ẹbí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè nípa ṣọ́ọ̀bù aṣọ tí mo fi owó ara mi ṣí. Mo dì í, mo gbé e lọ sí Pobẹ̀ ní òdìkejì bọ́dà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni màmá mi pè mí.

"Gbogbo àdúgbò ti gbọ́ pé o wà lókè òkun o."

"Màmá, kò sí òkun níbí."

"Ọkọ̀ òfuurufú lo wọ̀ dé ibẹ̀?"

"Ọ̀kadà ni."

"Má sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni."

Wọ́n ní àjò kò dà bí ilé. Àjò tèmi dà bí ilé jù, ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn. Bó bá ṣe pé ibi tí mi ò ti gbọ́ èdè kankan ni mo lọ, n bá mọ̀ pé àlejò ni mí, n bá gba kádàrá. Ṣùgbọ́n ní Pobẹ̀, wọ́n ń kí mi ní "ẹ kú àárọ̀", wọ́n ń pe iṣu ní iṣu, wọ́n ń pe orí ní orí. A ó jọ máa sọ̀rọ̀ lọ geere, àfi kí wọ́n ṣàdédé yí ojú sí ara wọn, kí wọ́n sọ èdè Gùn díẹ̀, kí wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín. Ta ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín? Èmi ni. Ta ló tún kù níbẹ̀?

Aṣọ kò tà tó bí mo ṣe rò. Ohun tí mo rí pé ó ń tà ni bébà. Ní orílẹ̀-èdè yẹn, tí o bá fẹ́ sín, wọ́n á ní kí o lọ mú fótókópì rẹ̀ wá. Èmi fúnra mi lọ sí ọ́fíìsì ìjọba nígbà mẹ́rin nítorí ìwé ìgbélùú kan ṣoṣo. "Rọfẹní dùmẹ́n," ìyẹn ni pé kí n padà wá lọ́la. Òun ni Faransé tí mo kọ́kọ́ mọ̀, torí òun ni wọ́n ń sọ fún mi jù. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kan kọ́kọ́ wá jẹ mí níyà nídìí aṣọ, tí mo wò ó láti òkè délẹ̀, tí mo ní "Rọfẹní dùmẹ́n", tí ó sì lọ lóòótọ́, inú mi dùn ju ìgbà tí mo bímọ lọ.

Mo bá ta ìdì aṣọ mẹ́fà, mo ra kọ̀ǹpútà àlòkù méjì àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ní ìgò tàdáwà mẹ́rin níkùn: dúdú, ìyeyè, àti méjì tí orúkọ wọn ò wọ ẹnu mi. Ìwé kẹrin ni mo ti fò sílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, nítorí náà mo pe ọkùnrin kan tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ wá láti Àjàṣẹ́, Alẹ̀sì lorúkọ rẹ̀. Ó tò wọ́n. Kọ̀ǹpútà kan wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀kan wà nínú, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà láàárín wọn, kò sì sí wáyà kankan tó so wọ́n pọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń gbà. Mo rìn gba àárín wọn kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́ta bóyá nǹkan á ta mí lára.

Èèyàn méjì ló ń bá mi ṣiṣẹ́. Múfú jẹ́ ará ilé wa láti Ìlaròó, òun ló jókòó sí ti inú. Rosíìnì jẹ́ ọmọ Sakété, ìyá ọmọ méjì, òun ló wà lẹ́nu ọ̀nà nítorí Faransé rẹ̀ dán ju bàtà aláàfin lọ. Tàńtí ló ń pè mí. Oṣù kan gbáko ni mo fi rò pé èébú ni, kí ẹnì kan tó sọ fún mi pé bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí wọn nìyẹn.

Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé nǹkan kan ò lọ déédéé. Ojú aláṣọ ni mo ní. O ò lè pe aró tó ti ṣá ní aró tuntun fún mi. Ìwé ìpè ìgbéyàwó tí ó yẹ kó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, nígbà mìíràn á pọ́n, nígbà mìíràn á dà bí èyí tí wọ́n fi omi ọṣẹ fọ̀. Ẹ̀rọ kan náà ló ń tẹ̀ ẹ́. Bébà kan náà ni. Mo wá ń ṣọ́ wọn. Èyí tó ń dára ń wá láti ọ̀dọ̀ Múfú. Èyí tó ń ṣá ń wá láti ọ̀dọ̀ Rosíìnì.

Mo mú bírò, mo fa ìlà sí ara ìgò tàdáwà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bí a ṣe ń fàlà sí ìgò epo nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ bá wà nílé. Ọjọ́ tí Rosíìnì tẹ ìwé jù, ìlà ò fi bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀. Ọjọ́ tí Múfú tẹ ìwé jù, tàdáwà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Ẹlòmíràn á sọ pé kí n fura sí Múfú. Èmi kọ́. Mo ní, àṣé Rosíìnì ti mọ̀ pé mo ń ṣọ́ òun, ó wá ń dọ́gbọ́n jí i lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn ń ṣiṣẹ́.

Báyìí ni iṣẹ́ kan dé láti ìlú Takọ́n. Bàbá àgbàlagbà kan ló kú, ẹbí rẹ̀ fẹ́ ìwé ètò ìsìnkú ọ̀ọ́dúnrún, àwòrán bàbá níwájú nínú agbádá aró. Ọ̀gbẹ́ni Jùlíẹ̀nì, ọmọ ìyálé, ló san owó rẹ̀ sílẹ̀ pátá, ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́ta. Kó lè yá, mo pín iṣẹ́ náà sí méjì: Múfú tẹ àádọ́jọ, Rosíìnì tẹ àádọ́jọ. Ìdì méjì ni mo fi rọ́bà dì, mo fi lé Jùlíẹ̀nì lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì.

Nílé wọn, ìyàwó méjì ni bàbá fi sílẹ̀. Ìdí-igi ni wọ́n fi ń pín ohun gbogbo: ilé ìyálé ìdì kan, ilé ìyàwó ìdì kan. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ tú u wò.

Láàárọ̀ Sátidé, Jùlíẹ̀nì dé, àbúrò rẹ̀ obìnrin tẹ̀ lé e, Pẹ̀pẹ́tù, àkọ́bí ìyàwó kejì. Òun ni kò jókòó. Ó gbé ìwé méjì kalẹ̀ níwájú mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Ẹ wò ó, Màmá. Bàbá tiwọn dúdú minimini, agbádá rẹ̀ ń dán. Bàbá tiwa pupa bí ẹni tí oòrùn ò rí rí, aṣọ rẹ̀ ti gbó sí i lọ́rùn. Ta ni bàbá wa?"

Jùlíẹ̀nì ní, "Pẹ̀pẹ́tù, mo ti sọ fún ẹ, bí wọ́n ṣe dì í ni mo ṣe pín in."

"O mọ bó o ṣe pín in! Ìyá mi tọ́jú bàbá tó dùbúlẹ̀ àìsàn, èyí tó ṣá ló wá kàn án. Lọ́jọ́ òkú, àwọn èèyàn á gbé e sọ́wọ́, wọ́n á ní ti ìyàwó nìyẹn."

Mo fẹ́ fi ẹ̀rín pa á. Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Ibi tí bàbá wà báyìí, wọn kì í wo àwọ̀."

Ó yíjú sí mi. "Ẹ̀yin ará Nàìjíríà, a mọ̀ yín. Fóònù tí ẹ tà fún wa ò lo oṣù mẹ́ta. Ẹ tún wá ta bàbá ayédèrú fún wa."

Ẹ̀rín ò sí lẹ́nu mi mọ́. Ó ní ìsìnkú jẹ́ Sátidé tó ń bọ̀. Tí òun ò bá rí bàbá dúdú tòun kí ọjọ́ Ẹtì tó ṣú, kí n dá gbogbo owó padà, òun á sì dìde níbi òkú láti sọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù mi. Gbogbo Takọ́n ló máa wà níbẹ̀, àti ìdajì Sakété. Àlejò ni mí. Orúkọ àlejò kì í fọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Wọn ò tíì gun ọ̀kadà wọn tán tí mo fi yíjú sí Rosíìnì. Lánàá mo rí i tó gbé láílọ́ọ̀nù kan sọdá títì lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé kejì, ẹni tí a ń pè ní Mùsé. Ìgò pupa ló wà nínú rẹ̀. Mo rí i kedere.

"Rosíìnì, kí lo gbé lọ bá Mùsé lánàá?"

"Epo ni, Tàńtí."

"Epo kẹ̀! Epo tó pupa báyẹn?"

Ìyá alákàsà tó ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà wa gbórí sókè. "Tàńtí, ṣé dúdú ni epo Ìlaròó ni?"

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, títí kan zẹ́mì méjì tó jókòó lábẹ́ igi. Ká ní wọn ò rẹ́rìn-ín ni, bóyá n bá dákẹ́. Mo ní tàdáwà mi ló ń bù tà. Mo ní omi ló fi ń lú èyí tó kù. Mo ní kó da àpò rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ó dà á sílẹ̀: kọ́ḿbù, ìwé kékeré ọmọ rẹ̀, àkàsà méjì. Ó kó wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Olè ni ẹ́," mo wí. "Máa lọ."

Ó lọ.

Kí n má purọ́, mo ṣe bí akọni lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n láti Mọ́ńdè, àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń sọ Faransé, Múfú ń dá wọn lóhùn pẹ̀lú "sàvá" kan ṣoṣo tó mọ̀ àti eyín. Wọ́n ń jáde, wọ́n ń sọdá sọ́dọ̀ Mùsé. Ìyá alákàsà ò sì ta àkàsà fún mi mọ́. Ó máa ń sọ pé ó ti tán, nígbà tí mo ń rí i.

Màmá mi pè lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

"Ó ń jí tàdáwà? Kí ló fẹ́ fi ṣe, ọbẹ̀?"

"Ó ń tà á ni."

"O rí i?"

"Mo fura, Màmá. Ìfura ṣáà loògùn àgbà."

"Oògùn ni wọ́n pè é. Wọn ò ní kí o mu ún yó." Lẹ́yìn náà ló ní, "Nígbà tí aṣọ bá ṣá lọ́wọ́ rẹ, ṣé oníbàárà lo kọ́kọ́ máa ń nà?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Tí aṣọ méjì bá jáde láti ìdì kan náà, tí ọ̀kan dúró tí ọ̀kan ṣá, ó ní ohun tí aláṣọ ń ṣe. Á gé díẹ̀ lára méjèèjì. Á fọ̀ wọ́n nínú omi kan, ọṣẹ kan, á sá wọ́n sójú oòrùn kan. Ohun tó bá wá yàtọ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló lẹ́jọ́ nílẹ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, mo ní kí Múfú tẹ bàbá Takọ́n láti orí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bàbá jáde, ó dúdú, agbádá ń dán. Mo ní kó dìde, kó lọ jókòó sórí àga Rosíìnì, kó fi àwòrán kan náà sórí tibẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kan náà. Bàbá jáde. Ó pupa.

Mo wo Múfú. Ọmọ yìí náà ti jí tàdáwà láàárín ìṣẹ́jú méjì?

"Dìde," mo wí. Mo jókòó fúnra mi. Ó fi ibi tí n máa tẹ̀ hàn mí, mo fi ìka ara mi tẹ̀ ẹ́. Pupa. Mo gbé méjèèjì jáde sójú oòrùn, mo fi wọ́n lé ara wọn. Kì í ṣe ọwọ́ Rosíìnì. Kì í ṣe ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Níbi àga yẹn ni bàbá ti ń ṣá, ẹni yòówù kó jókòó síbẹ̀.

Mo pe Alẹ̀sì ní Àjàṣẹ́. Mo bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ta ẹ̀rọ burúkú fún mi.

"Tàńtí, ẹ fara balẹ̀," ó wí. "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ò ní ọkàn tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan ló ń pàṣẹ fún un. Ti inú ní kó tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Ti ẹnu ọ̀nà ní kó máa ṣọ́ tàdáwà lò."

"Ta ló ní kó máa pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni."

"Èmi bàbá ta?"

"Lọ́jọ́ tí mo wá tò ó. Ẹ ní ará ilé yín ló máa lo ti inú, kí n fi í sílẹ̀. Ẹ ní ti ẹnu ọ̀nà, ẹ ò tíì mọ irú ọmọ tó máa jókòó síbẹ̀, kí n dí i lẹ́nu díẹ̀ kó má baà fi tàdáwà yín ṣòfò. Mo ṣe bí ẹ ṣe wí."

Mo rántí. Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo ń rántí, mo tiẹ̀ rántí pé mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọ́. Alẹ̀sì darí Múfú lórí fóònù títí ó fi rí ibi tí wọ́n kọ "ekonomí" sí, ó yọ àmì tó wà níwájú rẹ̀ kúrò. Ó tẹ bàbá lẹ́ẹ̀kan sí i. Bàbá dúdú bí ẹni tó jí. Àṣé ìdí nìyẹn tí ìlà mi kì í fi lọ sílẹ̀ lọ́jọ́ Rosíìnì: ebi ni mo fi ń pa ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yẹn ni mo ti ń ka iye ojú tó ń wò mí bí àlejò. Mo ń ka ẹ̀rín, mo ń ka owó gàrí. Mi ò mọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni tó fura sí mi ni èmi ti wọ inú ìlú onílùú, tí mo ti sọ ọmọ onílẹ̀ di àlejò nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lórí ilẹ̀ rẹ̀.

Múfú tẹ àádọ́jọ tuntun lọ́jọ́ náà. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo gun zẹ́mì lọ sí Sakété. Rosíìnì wà lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú ìyá rẹ̀, wọ́n ń rọ epo tí wọ́n ń tà sínú ìgò, ìgò pupa bí ogún lórí ìlà. Mo wò wọ́n, ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Tàńtí," ó wí. "Ṣé ẹ wá yẹ àpò mi wò ni?"

Mo kúnlẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní kí n dìde, kò yẹ bẹ́ẹ̀. Rosíìnì ò ní kí n dìde. Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí aṣọ dé orí Alẹ̀sì. Kò yà á lẹ́nu.

"Mo mọ̀," ó wí. "Láti oṣù àkọ́kọ́ ni mo ti rí i lójú ẹ̀rọ. Mo rí i pé ti Múfú ò rí bẹ́ẹ̀."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ ní ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ohun tí Alẹ̀sì tò. Mo rò pé bí ẹ ṣe fẹ́ kí tèmi rí nìyẹn."

"Nígbà tí mò ń pè ẹ́ lólè ńkọ́?"

"Tàńtí, ẹ ò bi mí nípa àwọ̀ bàbá. Epo lẹ bi mí, mo sì dá yín lóhùn."

Mo bẹ̀ ẹ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Èmi! Ẹ bi gbogbo ọjà Ìlaròó bóyá ẹnikẹ́ni ti rí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní ohun méjì lòun fẹ́. Àkọ́kọ́, owó ọjọ́ márùn-ún tí òun ò fi ṣiṣẹ́, ẹgbẹ̀rún kan àti ààbọ̀ lóòjọ́. Èkejì, kí n dúró níbi tí mo dúró sí lọ́jọ́ Sátidé, kí n sọ ọ́ bí mo ṣe sọ tàkọ́kọ́, kí ohùn mi má kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo ní, "Ṣé o ò lè gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ká fi èkejì sílẹ̀?"

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Rosíìnì náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ní Pobẹ̀. Mùsé wà ní òdìkejì. Àwọn zẹ́mì wà lábẹ́ igi. Mo pariwo pé Rosíìnì kì í ṣe olè, pé epo ni ó wà nínú ìgò, pé èmi ni mo dí ẹ̀rọ lẹ́nu nítorí mo ti pè é lólè nínú ọkàn mi kí n tó mọ orúkọ rẹ̀.

"Ẹ tún un sọ, a ò gbọ́," ni zẹ́mì kan wí.

"O gbọ́, ọ̀dájú," mo wí. Mo sì tún un sọ. Ìyá alákàsà di àkàsà mẹ́ta fún mi láìjẹ́ pé mo béèrè, ó sì gba owó rẹ̀.

Èmi àti Rosíìnì la jọ gbé ìwé lọ sí Takọ́n ní ọ̀sán, pẹ̀lú kéèsì ẹlẹ́rìndòdò kan láti fi bẹ̀bẹ̀. Pẹ̀pẹ́tù jáde wá, ó gba ìwé kan nínú tuntun, ó gba ọ̀kan lọ́wọ́ Jùlíẹ̀nì, ó gbé wọn sójú oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo wò ó bí ẹni wo adájọ́. Ó wò wọ́n pẹ́. Ó yí wọn sọ́tùn-ún, ó yí wọn sósì.

"Ẹnì kan ṣoṣo ni," ó wí nígbẹ̀yìn. Ó nu ojú rẹ̀. "Bàbá wa ni." Ó pe ọmọ kan kó wá gbé kéèsì wọlé.

Nígbà tí a padà dé Pobẹ̀, mo san tirẹ̀ fún Rosíìnì, mo wá ṣírò ohun tí ìfura mi ná mi. Bébà àti tàdáwà àádọ́jọ ìwé tó ṣòfò, ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án. Kéèsì àti owó zẹ́mì gbogbo ìrìn wa, ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ọjọ́ márùn-ún Rosíìnì, ẹgbẹ̀rún méje àti ààbọ̀. Múfú mú bírò kó kọ ọ́ sílẹ̀, mo ní kó fi í sílẹ̀, èyí ò lè kúrò lórí mi láéláé: ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fàráǹkì.